Wọ́n Ní Kí N Kéde Iṣẹ́, Mo Gbé E Mì

Imú mi wọ́ sápá òsì. Àwọn tí kò mọ̀ mí máa ń rò pé rọ́gíbì ló ṣe é, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi ló forí kàn án lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó sì tọ́ sí mi. Ká ní ó yọ eyín mi méjì kún un, mi ò ní ráhùn.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí. Mi ò ní bu iyọ̀ sí i, mi ò sì ní gbè sẹ́yìn ara mi.

Nerys lorúkọ mi. Ọmọ Gúúsù Wales ni mí, láàárín àwọn òkè tí wọ́n ti ń wa èédú tẹ́lẹ̀. Oníjà ni mí láti kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ lu Lowri tó ń gbé ní ojúlé kẹta sí wa. Òun náà gé mi jẹ létí. Láti ọjọ́ yẹn la ti di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn.

A jọ wọ yunifásítì létí òkun, a jọ ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, a sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ rọ́gíbì àwọn obìnrin. Lórí pápá, àwa mẹ́jọ máa ń dì mọ́ra, a ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó sì forí ti àwọn mẹ́jọ tó wá bá wa jà. Lowri ló ń wà láàárín, èmi ni mo máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Apá mi á gba abẹ́ abíyá rẹ̀ kọjá, màá sì di ìhà rẹ̀ mú gírígírí.

Ọkọ ìyá Lowri ń jẹ́ Hefin. Awakọ̀ àjàgbé ni, ó mọ̀ ọ́n kí èèyàn, ó sì máa ń bá àwọn arúgbó àdúgbò gbé ẹrù. Nínú ilé, ìkà ni. Láti ìgbà tí Lowri ti pé ọmọ ọdún méjìlá ló ti ń lù ú lálùbolẹ̀. Eirwen, ìyá rẹ̀, á máa fọ abọ́ ní kíṣìnì bí ẹni pé etí rẹ̀ di. Lowri kò rówó gba yàrá nílé-ìwé, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé e lọ gbé e bọ̀ lójoojúmọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé, yàrá tí òun nìkan máa ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Èmi nìkan ló sọ fún. Àwọn yòókù ń rí ojú rẹ̀ tó wú, wọ́n á ní bọ́ọ̀lù ni. Ta ló máa ń bi ọmọ rọ́gíbì léèrè ohun tó wú u lójú?

Lóṣù kẹwàá ọdún kejì wa, Ìyáàfin Probert ránṣẹ́ pè mí. Òun ló ń darí ọ́fíìsì tó ń múra àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́. Obìnrin kúkúrú kan ni, kò sígbà tí súìtì kì í sí lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Jókòó, Nerys. Ohùn ẹ ni mo tìtorí ẹ̀ pè ẹ́. Wọ́n ní bó o bá pariwo lórí pápá, àwọn apẹja ń gbọ́ ọ létí òkun."

"Ṣé mo ṣẹ̀ ni, mà?"

"O ò ṣẹ̀. Wò ó, lọ́dún tó kọjá a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bóyá wọ́n mọ̀ pé à ń ṣe ètò tó lè mú kí wọ́n ríṣẹ́. Nínú mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ní àwọn ò gbọ́ ọ rí. Ọdún keje rèé tá a ti ń ṣe é! Ímeèlì tá a ń fi ránṣẹ́, wọn kì í ṣí i. Pósítà tá a lẹ̀ mọ́gi, irùngbọ̀n ni wọ́n ń yà sójú ọmọbìnrin tó wà lórí ẹ̀."

Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi gan-an ti ya irùngbọ̀n yẹn rí.

Ó ní, "Nítorí náà, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa ní alukoro lọ́dún yìí. Wàá dìde níwájú kíláàsì, wàá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á sì buwọ́ lùwé pé àwọn ti gbọ́. Ohun tí ọmọ ilé-ìwé bá gbọ́ lẹ́nu ẹgbẹ́ ẹ̀ nìkan ló ń wọ̀ ọ́ létí."

Ó kó ìwé àti pósítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé mi lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ẹ̀kọ́ náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n á kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà tí ọ̀gá iṣẹ́ á kà dópin, bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè láìgbọ̀n, bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí wọn ò fẹ́ràn ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á lọ fi ọdún kan ṣiṣẹ́ olówó oṣù. Tiwa jẹ́ ní òkè Scotland, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ńlá tí atẹ́gùn ń yí láti fi ṣe iná mànàmáná. Wọ́n á fún ẹni náà ní yàrá tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ní, "Ẹnì kan ṣoṣo, mà?"

"Ẹnì kan. Alukoro náà lè forúkọ sílẹ̀ o, a ò yọ yín sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Èṣù fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bí Lowri bá gbọ́, ó parí, tirẹ̀ ni. Ọmọ tó ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tó sì ń tò ó padà láìwo ìwé! Èmi kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni.

Síbẹ̀, mo búra, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo kó ìwé náà lọ sí kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀. Kí n tó dìde, Ọ̀gbẹ́ni Pugh tó ń kọ́ wa ní ìṣirò ẹ̀rọ dá ìwé ìdánwò padà. Ó gbé méjì sókè.

Ó ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Ti Lowri ni. "Ẹ wá wo bí wọn kì í ṣe é." Tèmi ni.

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Lowri náà rẹ́rìn-ín, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Má bínú, akọni. Wọ́n dá orí tìẹ fún kíkàn mọ́ èèyàn ni, wọn ò dá a fún ìṣirò."

Ó ti ń fi bẹ́ẹ̀ ṣe mí yẹ̀yẹ́ láti ọdún mẹ́wàá, mo sì máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, ó gún mi dé egungun.

Ọ̀gbẹ́ni Pugh ní, "Nerys, wọ́n ní o ní ìkéde?"

Mo ní, "Rárá, sà. Kò tíì yá."

Mo lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fa pósítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo ta garawa ìdọ̀tí nípàá títí ó fi tẹ̀ wọnú. Inú mi ń dùn, kí n má parọ́.

Ìwé ìbuwọ́lù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sídìí tábìlì kíṣìnì wa, mo kó bírò mẹ́ta, mo mú ìwé orúkọ kíláàsì, mo sì buwọ́ lù ú fún èèyàn méjìlélọ́gọ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Mò ń fọwọ́ òsì kọ òmíràn. Mo kọ déètì Ọjọ́bọ̀ yẹn sí gbogbo rẹ̀. Mo buwọ́ lù ú fún Lowri. Mo buwọ́ lù ú fún Mared, balógun ẹgbẹ́ rọ́gíbì wa, tí a jọ wà ní kíláàsì.

Ọjọ́ tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà ni egungun èjìká Mared ṣẹ́ lórí pápá. Èmi pẹ̀lú ọwọ́ mi ni mo gbé e jáde. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló wà ní Ọjọ́bọ̀ tí mo ní ó buwọ́ lùwé. Ìbínú kò jẹ́ kí n rántí.

Lọ́sẹ̀ kejì, èmi àti Lowri ń bọ̀ láti ibi ìdárayá, òjò ń pa wá.

Ó ní, "Wọ́n ní wọ́n rí ẹ níbi ọ́fíìsì Probert. Ṣé wọn ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀? Iṣẹ́ tó jìnnà. Ibi yòówù kó jẹ́, Nerys. Bí mo bá tún lo ọdún kan sí i nílé yẹn, ọ̀kan nínú èmi àti Hefin máa kú."

Ìwé náà wà nínú báàgì mi. Ó kan ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń rìn.

Mo ní, "Kò sí nǹkan gidi níbẹ̀ o. Wọ́n kàn ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń so táì mọ́rùn ni."

"Táì kẹ̀?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi tí rọ́gíbì ò fi ọrùn sílẹ̀ fún?"

Ó gbà mí gbọ́. Kò tún bèèrè mọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Èmi ni wọ́n ń bá wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Mo sọ fún Lowri pé orúnkún mi ń dùn mí, pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni mò ń lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀ láti gbogbo yunifásítì. Èmi nìkan ló ti ẹ̀ka tiwa wá.

Ìyáàfin Probert mi orí. "Kí ló dé táwọn ẹgbẹ́ ẹ ò wá? Àwọn méjìlélọ́gọ́ta ló gbọ́ o!"

Mo ní, "Mo sọ fún wọn títí, mà. Etí ikún ni wọ́n kọ sí i."

Ó mí kanlẹ̀. "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ó tún ju súìtì sẹ́nu.

Ó rọrùn fún un láti gbà mí gbọ́, torí ọdún méje ló ti ń wo yàrá òfìfo.

Lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ Sọ́ńdè kan, mo pe Lowri lórí fóònù títí, kò gbé e. Mo lọ sílé wọn. Hefin ló ṣílẹ̀kùn. Ó ro aṣọ kíṣìnì mọ́dìí, ó ń se ọbẹ̀ àgùntàn, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

"Á à, Nerys! Wọlé, wọlé. Lowri wà lókè. Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, òpònú ọmọ."

Lowri wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Bó bá mí, ó ń mí ní ìdajì. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ tó wà ní ọ̀ọ́kán ti là sí méjì.

Mo ní, "Kí ló ṣe ẹ́?"

"Mo tì í mọ́ra. Mò ń wẹ̀, mo tilẹ̀kùn. Ó ní nínú ilé tòun, kò sẹ́ni tó ń tilẹ̀kùn mọ́ òun." Ó dúró kó lè mí. "Ó fi bàtà tẹ ìhà mi mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe dún."

"Dìde, ká lọ sílé ìwòsàn."

"Wọ́n á bi mí léèrè. Màámi á ní irọ́ ni mò ń pa. Níbo ni màá wá sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn?"

Mo gbá ògiri lẹ́ṣẹ̀ẹ́ títí awọ ọwọ́ mi fi bó. Mo sunkún, ẹkún gidi ni. Mo sì rántí pé ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀ fún iṣẹ́ Scotland. Ó ku ọjọ́ márùn-ún. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ, "Lowri, yàrá kan wà." Ẹnu mi là, mo ní, "Pẹ̀lẹ́."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ Hefin kọjá. Èmi tí mo ti lu ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ ní ilé ọtí, mi ò fọwọ́ kan ọkùnrin yẹn. Mo ní, "Ó dàbọ̀, sà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo jókòó síwájú èèyàn mẹ́ta, méjì nínú wọn ti Scotland wá. Èmi nìkan ló forúkọ sílẹ̀ láti ẹ̀ka wa, àmọ́ wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ mi kí àwọn tó fún mi.

Obìnrin kan níbẹ̀ ní, "Sọ fún wa nípa ìgbà kan tó o dúró ti ẹnì kan nínú ìṣòro."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ òkúta lù mí. Ìtàn Lowri ni mo sọ. Mo ní mo ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n ń lù nílé, pé èmi ló fẹ̀yìn tì, pé mo jókòó tì í nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìhà rẹ̀ ṣẹ́. Ohùn mi gbọ̀n níbi tó yẹ kó ti gbọ̀n, wọ́n ti kọ́ mi ní ìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Obìnrin náà nu ojú. Wọ́n fún mi níṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀.

Lowri sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó padà sórí pápá. Bí a bá ti dì mọ́ra, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń fa èémí sínú nígbà tí ọwọ́ mi bá kan ìhà rẹ̀ ọ̀tún. Mo máa ń gbé ọwọ́ mi sísàlẹ̀ díẹ̀ kí n má baà tẹ ibẹ̀.

Ó kan Ọjọ́rú kan lóṣù kẹta. A borí ẹgbẹ́ kan láti Cardiff, a sì lọ sí yàrá òkè ilé ọtí wa bí a ṣe máa ń ṣe. Àṣà wa ni pé lẹ́yìn eré, balógun á dé orí ìnulẹ̀ tó ní fọ́nrán gígùn sórí bí irun adájọ́, á pe ẹjọ́. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá dá lọ́sẹ̀ yẹn ló ń kà síta, ẹni tó bá jẹ̀bi á fi bàtà ara rẹ̀ mu bíà. Yẹ̀yẹ́ lásán ni. Kò sẹ́ni tó ń bọ́ nínú ẹ̀.

Mared ló jókòó lórí tábìlì. Èjìká rẹ̀ kò tíì jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù, ẹnu rẹ̀ ló fi ń gbá a.

"Ẹ̀sùn kìíní! Tegan pe rẹfirí ní 'Màámi'!"

"Ó jẹ̀bi! Kó mu ún!" Gbogbo wa pariwo. Tegan mu tirẹ̀.

"Ẹ̀sùn kejì! Nerys, jáde síta! Ọ̀lẹ, olè, aláyídáyidà!"

Wọ́n tì mí síwájú, mò ń rẹ́rìn-ín. Mared fa ìwé kan yọ lápò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ lẹ́tà tí ọ́fíìsì Probert kọ sí mi. Wọ́n ní, 'Mared ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ pé o gbọ́ ìkéde alukoro wa ní Ọjọ́bọ̀ báyìí báyìí, o sì buwọ́ lùwé. Kí lo rò nípa rẹ̀?' Ọjọ́ wo nìyẹn? Ọjọ́ tí dókítà ń to egungun mi! Mò ń ké bí ewúrẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni yìí ní mo wà ní kíláàsì, mò ń fetí sílẹ̀!"

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ó jẹ̀bi! Kó mu ún! Kó mu ún!"

Mo tètè gbé bàtà náà, mo fẹ́ mu ún kó lè parí.

Lowri wà lẹ́bàá fèrèsé. Ó ní, "Ìkéde kí ni?"

Mared ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Mo ha mọ̀? Ó wà nísàlẹ̀ níbí. 'Ètò ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́... ọdún kan ní òkè Scotland... owó oṣù, yàrá ọ̀fẹ́...' Ta ló fẹ́ lọ gan pa nínú òtútù yẹn?"

"Tún un kà."

"Lowri, ẹjọ́ ṣì ń lọ..."

"Mo ní kó o tún un kà!"

Mared tún un kà. Ẹ̀rín ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá. Lowri ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ń ta àga kúrò lọ́nà.

"Ṣé ohun tó o pè ní táì nìyẹn?"

Mo gbé bàtà náà sílẹ̀.

"Ta ló gba iṣẹ́ náà?"

"Lowri, jọ̀ọ́, jẹ́ ká jáde síta..."

"Ta ló gbà á, Nerys?"

Mo ní, "Èmi ni."

Orí rẹ̀ bá imú mi kí n tó pa ẹnu dé. Mo gbọ́ "kọ́" nínú agbárí mi, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde. Mo ṣubú lu tábìlì, ife fọ́. Ó gùn mí, ó ń gbá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú, lẹ́nu, létí, ó ń ké, "O rí mi nílẹ̀! O jókòó tì mí! O rí mi nílẹ̀!" Àwọn èèyàn fà á, kò fà.

Ká ní mo jẹ́ kó lù mí tó, ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ mo ti sọ fún yín pé oníjà ni mí. Ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú, ara mi gbóná. Mo fọwọ́ wá ìhà rẹ̀ ọ̀tún. Oṣù kan ni mo ti ń yẹra fún ibẹ̀, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Mo kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ọn.

Ó ké. Mo tún kan èkejì.

Èyí àkọ́kọ́, ẹ lè ní ìbínú ni. Nígbà tí mo kan èkejì, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo fẹ́ borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi.

Lowri dákẹ́. Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wá èémí, kò rí i. Itọ́ tó hó ní pupa yọ létí ẹnu rẹ̀. Tegan ló ké pé kí wọ́n pe áńbúláǹsì. Mared ṣì dé orí ìnulẹ̀ yẹn sórí, ó dúró gbagidi, ojú rẹ̀ funfun bí ògiri.

Egungun ìhà rẹ̀ ti gún ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n fi rọ́bà bọ ìhà rẹ̀ láti fa ẹ̀jẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàábìnrin kan pè mí sí kọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn.

Ó ní, "Dókítà sọ pé egungun yẹn ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó tún ṣẹ́ lánàá. Ta ló kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ?"

Mo ní, "Hefin ni. Ọkọ ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń lù ú."

Ó wo ọwọ́ mi tó bó. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ìwọ tó o lù ú lójú èèyàn mẹ́tàlélógún. Ìwọ tí yunifásítì ń wá nítorí ìbuwọ́lù ayédèrú, lẹ́yìn tí Mared fi lẹ́tà yẹn hàn wọ́n."

"Mo mọ̀, mà. Àmọ́ òótọ́ ni mò ń sọ."

"Àwa á bi í."

Wọ́n bi Lowri. Hefin àti Eirwen jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà náà, wọ́n mú èso àjàrà wá fún un. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ ìdáhùn rẹ̀ fún mi. Lowri ní rọ́gíbì ló ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, rọ́gíbì náà ló ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, òun kò ní ẹjọ́ kankan bá ẹnikẹ́ni ṣe.

Mo sáré lọ bá Ìyáàfin Probert. Mo kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀, kò sì sọ pé kí n dìde.

Mo ní, "Ẹ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, mà. Ẹ fún Lowri. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ."

Kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo. "A ti gbà á lọ́wọ́ ẹ. Àwọn ará Scotland ti fún ẹ̀ka mìíràn. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní orúkọ ọ̀rẹ́ ẹ kò sí lórí ìwé nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ parí." Ó tẹjú mọ́ mi. "Méjìlélọ́gọ́ta, Nerys. Mò ń fi ìwé yẹn yangàn kiri. Mo ní, ẹ wò ó, wọ́n ti ń gbọ́."

Yunifásítì lé mi. Mi ò bínú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń ka èyí, ẹ wọ ọ́fíìsì yẹn fúnra yín. Ẹ má dúró de alukoro kankan. Ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú.

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, wọ́n dá Lowri sílẹ̀. Màámi ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi fún un, pálọ̀ ni èmi fẹ́ máa sùn. Mo dúró de Lowri lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó ń rìn bí arúgbó.

Mo ní, "Máa bọ̀ nílé wa. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá mi fún ẹ. Mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ bí o ò bá fẹ́. Màá kó jáde pátápátá bó o bá fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wo ojú mi láti ọjọ́ ìjà.

Ó ní, "Bí Hefin bá ń bọ̀, mo máa ń gbọ́ bàtà ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìwọ, mi ò gbọ́ ẹ."

Ọkọ̀ Hefin dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba báàgì Lowri, ó ṣílẹ̀kùn fún un, ó di ìgbànú mọ́ ọn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tọ́jú ẹyin. Ó tilẹ̀kùn. Ó wá bá mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Wọ́n bi mí lọ́rọ̀ ìhà yẹn o. Mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ni. Gbogbo èèyàn ló sì rí ẹ." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ sí mi. "O ṣeun gan-an, Nerys."

Lowri ń wò wá látinú gíláàsì.

Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.